Láti Ìbàdàn dé Kétu, Àgbómẹ̀ àti Ouidah: ohun tí ojú wa rí

Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi kan ń gbèrò láti kó ọmọ ilé-ìwé lọ wo ibi ìtàn ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n sì ń bi mí bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe rin tiwa ní 2018. Gbólóhùn kan tàbí méjì ni mo fi ń dá wọn lóhùn, torí ẹnu iṣẹ́ la sábà máa ń wà, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Ìyà jẹ wá lójú ọ̀nà yẹn, ìyà tí ẹni tó bá ti gbọ́ ṣáájú kò ní jẹ. Yàtọ̀ sí ìyà, láti ìgbà tí mo ti dé ni mi ò ti lè kọ́ ọmọ ní ìtàn Ìbàdàn bí mo ṣe ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá máa lọ mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún òun náà.

Ìtàn ni iṣẹ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níhìn-ín. Ọmọ bíbí Ìbàdàn ni mí, agboolé wa kò jìnnà sí Ọjà'ba. Inú oríkì ni wọ́n ti tọ́ wa: Ìbàdàn Mẹ̀sí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé. Ogun Òṣogbo tí àwọn bàbá wa fi dá àwọn ọmọ ogun Ìlọrin padà ní nǹkan bíi 1840, mo lè sọ ọ́ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwo ìwé. Dàhòmì, ìjọba àwọn Fọ̀n tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Àgbómẹ̀ ní ilẹ̀ Benin òde òní, ńkọ́? Ohun tí mo mọ̀ nípa wọn kò ju pé wọ́n gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n tún padà wá ní 1864, Ẹ̀gbá sì lé wọn lọ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ọ̀tá ni wọ́n, ó parí. Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ta aṣọ ní Gbági. Ó ti máa ń lọ sí Kútọnu ra ọjà, ṣùgbọ́n láti ọjà Dantokpa ló ti ń yí padà sílé. Ó mọ owó, ó mọ ọ̀nà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà lọ́wọ́ àwọn Fọ̀n. Èmi mọ ọdún àti orúkọ ọba. Lójú wa, ìyẹn tó. Owó àjọ mi ni mo kó lé e lọ́wọ́, a sì gbéra nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ Benin. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní 1979 ló fún wa láàyè láti wọ ilẹ̀ ara wa, ká sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé òǹtẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan. Ọ̀nà Ìdí-Ìrókò la gbà, torí ọ̀nà yẹn ló gún régé fún ẹni tó ń lọ sí Kétu. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ọmọkùnrin kan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. "Ẹ̀yin màmá mi, ẹ kú ìrìn o. Ẹ má wulẹ̀ tò, ẹ kó ìwé yín wá, mo máa bá yín lù ú kíá." Òòrùn mú, èrò pọ̀, a kó o fún un pẹ̀lú owó díẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dé. A ju ìwé sínú báàgì, a gun ọ̀kadà kọjá sí Ìgòlò. Òǹtẹ̀ ìjáde Nàìjíríà wà nínú ìwé náà. Òǹtẹ̀ ìwọlé Benin kò sí níbẹ̀, a ò sì ṣí i wò.

Ìwọ tó bá ń lọ, fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn dé iwájú tábìlì ní ìhà méjèèjì ibodè. Dúró níbẹ̀ títí wọ́n á fi lù ú lójú rẹ, kí o sì ka déètì tó wà lórí rẹ̀. Yẹ́lò káàdì náà, má ṣe rà á ní gáréèjì. Lọ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gangan, ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìnàjò, torí ìgbà yẹn ni káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti 2016 ni wọ́n ti ní abẹ́rẹ́ kan náà tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, nítorí náà kì í ṣe ìnáwó ọdọọdún.

Ti owó, sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Benin, ni kí o fi ṣírò gbogbo ètò rẹ. Láti 1999 ni wọ́n ti so sẹ́fà mọ́ owó Yúróòpù, yúrò kan sí sẹ́fà 655.957, kò sì yẹ̀ kúrò níbẹ̀. Náírà wa ló ń lọ sókè sódò. Iye tí a kọ sílẹ̀ ní náírà nígbà tí a ń dá àjọ kò ra ohun tí a rò mọ́ nígbà tí a dé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló tún mọ èyí tó gbà wá: kò jẹ́ ká ṣẹ́ gbogbo owó wa níbì kan náà. Ó máa ń ka owó tí wọ́n bá fún un lẹ́ẹ̀kan lójú wọn, á tún un kà kó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀.

A sùn ní Àjàṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Yorùbá ni wọ́n fi ń ná ata lọ́jà ibẹ̀, ara wa sì balẹ̀. Mọ́sáláṣí ńlá kan wà ní ìlú náà tó jẹ́ pé bí wọn kò bá sọ fún ọ, ṣọ́ọ̀ṣì lo máa pè é, nítorí àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Brazil dé, àti àwọn ọmọ wọn, ló kọ́ ọ bí ilé ìjọsìn Bahia ṣe rí. Lẹ́yìn 1835, ọdún tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìde ogun ní Salvador, tí Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn, ni ọ̀pọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Ọjọ́ kan kò tó Àjàṣẹ́. A kánjú kọjá, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Kétu ni ọkàn mi wà. Ọ̀nà gba Sakété àti Pobè lọ, ilẹ̀ pupa, oko àgbàdo lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, ṣì wà ní ìdúró. Mo fọwọ́ kan ògiri amọ̀ rẹ̀. Mo rántí pé Ìbàdàn náà ní odi rí, odi Ìbíkúnlé, àwa tí a bí sínú ìlú kò sì lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tó gbà kọjá mọ́.

Bàbá arúgbó kan jókòó sábẹ́ igi nítòsí ibẹ̀. A kúnlẹ̀ kí i. Ó bi wá níbi tí a ti wá, mo ní Ìbàdàn, ẹnu mi kún fún un. Bàbá wò wá díẹ̀. Ó ní, "Ìbàdàn. Ẹ̀yin ológun. Níbo lẹ wà nígbà tí Dàhòmì wá kó wa?"

Kò bínú. Ó bèèrè rẹ̀ bí ẹni tó ń bi ọmọ ìyá rẹ̀ ìdí tí kò fi yọjú síbi òkú bàbá wọn.

Mo mọ èsì ọ̀rọ̀ náà, òun ló mú kí omi bọ́ lójú mi. Dàhòmì kọlu Kétu ní 1883. Wọ́n padà wá ní 1886, nígbà ayé Ọba Glele, wọ́n dó ti ìlú náà, wọ́n pa á run, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ wọn. Ní 1886 yìí kan náà, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn wà ní Kírìjì, wọ́n dojú kọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká títí di 1893. Yorùbá ń yìnbọn lu Yorùbá láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, Kétu sì ń jóná. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ, mo máa ń kọ 1886 sójú pátákó gẹ́gẹ́ bí ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà Kírìjì. Mi ò kọ 1886 ti Kétu sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí.

Bàbá náà sọ fún wa pé wọ́n kó ìyá bàbá òun lọ ní kékeré, inú oko ọba ló sì dàgbà sí. Ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ló tó rí ọ̀nà padà wálé, òun àti àwọn mìíràn tó yè, wọ́n sì tún ìlú tẹ̀ dó. Ó tún ní àwọn kan ń ti Brazil wá wo ìlú náà, nítorí títí di òní, àwọn olórìṣà kan ní Bahia ń pe ara wọn ní ọmọ Kétu. Gbogbo ohun tó sọ ni mo kọ sínú ìwé. Mi ò kà á nínú ìwé kankan, mi ò sì lè rí i kà bí mo bá jókòó sí Ìbàdàn.

Bí o bá fẹ́ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, má lọ nígbà tí àwa lọ. Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Àwa bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti ère lórí àga, a ò bá eré. UNESCO ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ogún àgbáyé láti 2001, ṣùgbọ́n àwọn ará Kétu kò ṣe é nítorí àlejò, àwọn ìyá wa ni wọ́n ń ṣe é fún.

Ibà ti mú mi kí a tó dé Bohicon. Ara mi gbóná, eegun ń ro mí, nínú ọkọ̀ tí a há mọ́ra wa. Ohun tó le jù níbẹ̀ ni pé Faransé ni ẹni tó wà ní ilé ìtajà oògùn ń sọ, mi ò sì lè ṣàlàyé oògùn tí ara mi kì í gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọwọ́ júwe, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ orúkọ oògùn tó bá ara mi mu àti èyí tí kò bá a mu sínú ìwé kékeré, mo sì máa ń ru oògùn ibà láti Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń kó ọmọ lọ gbọ́dọ̀ gba irú ìwé yìí lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ tó gbéra. Ara mi kò tíì balẹ̀ tán nígbà tí a wọ Àgbómẹ̀.

Láti 1985 ni UNESCO ti kọ àwọn ààfin Àgbómẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé. Ilé Ọba Ghezo àti ilé Ọba Glele ni wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọn kò jẹ́ kí ènìyàn ya fọ́tò nínú ilé nígbà tí a lọ, nítorí náà mú ìwé àti bírò dání, kí o sì wá afinimọ̀nà tó gbọ́ èdè tí o gbọ́. Tiwa gbọ́ Yorùbá, nítorí Nàgó ni ìyá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pè wá níbẹ̀ nìyẹn: Nàgó.

Àwòrán amọ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi kún ara ògiri, ogun Dàhòmì ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Afinimọ̀nà wa fi ọwọ́ tọ́ka sí ọ̀kan: ọmọ ogun Dàhòmì ló ń borí Nàgó. Wọ́n mú wa dé ibi àga ọba Ghezo. Agbárí ènìyàn mẹ́rin ni ẹsẹ̀ àga náà gùn lé. Mo wò wọ́n, mo rí ibi tí ojú wà rí àti ibi tí eyín ti yọ. Ẹ̀gbọ́n mi yí padà, ó jáde lọ sí àgbàlá, ó ní òun kò wo nǹkan kan mọ́. Mo bínú sí ọ̀dọ́mọkùnrin afinimọ̀nà náà, mo bi í bóyá ojú kì í tì wọ́n láti máa fi irú èyí han àlejò.

Kò gbé ohùn sókè. Ó bi mí bóyá mo mọ iye ọdún tí Dàhòmì fi ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́. Mo mọ̀ ọ́n, nínú ìwé: láti ọ̀rúndún kejìdínlógún títí Ghezo fi kọ̀ ọ́ ní nǹkan bíi 1823. Ó ní nínú ìwé yín, ìṣákọ́lẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n ń kó lọ. Ó ní Tegbesu tó padà di ọba, bàbá rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọba, ó sì gbé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdógò. Ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ sun ìlú wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ lé wa lọ́rùn," ohun tó sọ nìyẹn, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Mo ti ń dá ẹjọ́ Dàhòmì níwájú àwọn ọmọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mi ò sì gbọ́ tẹnu wọn rí. Èyí kò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe sí Kétu dára. Kò dára, kò sì lè dára láé. Ṣùgbọ́n Ifá wa ni wọ́n ń dá níbẹ̀, Fá ni wọ́n ń pè é. Ògún wa ni wọ́n ń bọ, Gu ni wọ́n ń pè é. Ìyá afinimọ̀nà wa jẹ́ ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, ọmọ rẹ̀ sì ń ṣọ́ àga ọba àwọn tó kó wọn. Kò sí ibi tí mo lè fa ìlà sí láàrin àwa àti àwọn.

Wọ́n tún fi ibi tí iná jó hàn wá. Nígbà tí àwọn Faransé ń bọ̀ ní 1892, Ọba Behanzin fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n ti iná bọ ààfin. Wọ́n gbé e lọ sí Martinique, ilẹ̀ Algeria ló sì kú sí ní 1906. Ẹrù tí àwọn Faransé kó nínú ààfin náà, 26 nínú rẹ̀ padà wálé ní Oṣù Kọkànlá 2021. Orí tẹlifíṣọ̀n ni mo ti wò ó níhìn-ín. Ère irin Gu tó wà ní Paris kò sí lára wọn.

Ní Ouidah, má gun ọ̀kadà lọ sí etíkun. Rìn ín, àárọ̀ kùtù, pẹ̀lú omi lọ́wọ́. Láti àárín ìlú dé etí òkun tó bíi kìlómítà 4, ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ sínú ọkọ̀ ojú omi nìyẹn. Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1995 ló wà ní ìparí rẹ̀. Agaja ọba Dàhòmì gba ìlú náà ní 1727, láti ìgbà náà ni òwò yìí ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọba Àgbómẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ Clotilda ti kó bíi 110 ènìyàn ní 1860 lọ sí Alabama, nígbà tó ti lé ní 50 ọdún tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀. Àwọn tó ń sọ Yorùbá wà nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ ní gbogbo ojú ọ̀nà náà. Nígbà tí a fojú kan omi, ó bi mí pé, "Ta ló tà wọ́n?" Mo la ẹnu láti sọ pé Dàhòmì, ọ̀rọ̀ náà kọ́ mi lẹ́nu. Ọ̀yọ́ tà. Àwọn ológun wa ní Ìbàdàn kó ènìyàn ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, wọ́n tà nínú wọn, wọ́n sì fi ìyókù dáko. Oko Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde wa tó kú ní 1874, ọwọ́ ẹrú ló wà. Bóyá ìyá ìyá wa kan wà lára àwọn tó ra ènìyàn, bóyá ọ̀kan wà lára àwọn tí wọ́n rà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, lórí ìdúró, nínú yanrìn. Ó fi ìborùn nu ojú, ó ní kí a máa lọ. Bí o bá kó ọmọ dé ibẹ̀, fún wọn láàyè láti dákẹ́. Má ṣètò jíjẹ-mímu sí ọjọ́ yẹn.

Ibodè la ti san gbèsè òǹtẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìhà Benin ṣí ìwé wa, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó bèèrè ibi tí a gbà wọlé. A ò ní ẹ̀rí. Ó tọ̀nà láti bèèrè, a ò sì lè bá a jiyàn. Orí bẹ́ǹṣì la wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Owó tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi ra aṣọ fún ìsọ̀ rẹ̀ la fi san owó ìtanràn, ọjà rẹ̀ sì fà sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀ nítorí rẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú ọ̀ràn òǹtẹ̀ náà, torí tèmi ni ìrìnàjò yẹn, òun kàn tẹ̀ lé mi ni.

Nígbà tí mo dé, mo gba Yunifásítì Ìbàdàn lọ, sí ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń kó àwọn ìwé àtijọ́ pamọ́ sí nínú ọgbà wọn. Ó yẹ kí n ti lọ síbẹ̀ ṣáájú. Lẹ́tà àwọn òyìnbó àti ìwé àdéhùn ìgbà ogun wà níbẹ̀, ọkọ̀ akérò láti Mọ́kọ́lá sì ni. Ẹni tó bá máa lọ sí Benin, kó kọ́kọ́ lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀, yóò mọ ìbéèrè tó fẹ́ bi àwọn àgbà tó bá bá lọ́nà.

Mo sì tún rí i pé a kò nílò ibodè láti gbọ́ tẹnu ẹni tí a bá jà. Ìjàyè-Orílẹ̀ kò jìnnà sí Mọ́níyà. Kúrunmí, olórí ìlú náà, kọ̀ láti gba Adélù ní Aláàfin lẹ́yìn tí Àtìbà wàjà ní 1859, Ìbàdàn bá a jà láti 1860, ìlú náà sì fọ́ ní 1862. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo kọ́kọ́ kó lọ síbẹ̀. A fi obì àti ìwé ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣáájú, a sọ ohun tí a ń bọ̀ wá ṣe, a sì bèèrè bóyá àwọn ọmọ lè gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí a tó jókòó tán ni ìyá àgbà kan ti bi àwọn ọmọ náà pé ṣé wọ́n mọ ohun tí àwọn bàbá wọn wá ṣe níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan dìde, ó kúnlẹ̀, ó ní, "A mọ díẹ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìyókù fún wa." Ìyá náà sọ ọ́ títí oòrùn fi yí.

Ìmẹ̀sí-Ilé ló kàn ní sáà tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà Kétu. Àwọn òbí ti ń san owó ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń bá wa tọ́jú rẹ̀, ní sẹ́fà.